Aṣọ Àwọ̀ Ìyeyè Lórí Ahéré

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà dé ìdí kànga ilé wa ní Ìwó. Ọ̀kan gba ẹ̀yìnkùlé, kò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Èkejì gba ẹnu ọ̀nà ńlá, ó yí gbogbo ilé po, ó kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí kékeré kó tó padà bọ́ sídìí kànga. Ọ̀nà jíjìn yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, máa ń gbà lọ ṣe àlùwàlá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé yẹn. Sàréè bàbá wọn, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, ló wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan olóògbé náà, "bàbá yín" ni Ìyá Àgbà máa ń pè é, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló bí wọn. Bí a bá ń ṣe àdúà fún àwọn òkú ilé lẹ́yìn ìrun Iléyá, wọ́n á ṣe àmín sí ti gbogbo èèyàn. Bó bá kan ti bàbá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo èékánná ọwọ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n wá pe àwọn mọ̀lẹ́bí jọ, tí wọ́n ní bí òun bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sin òun sí ẹ̀yìnkùlé, kí a gbé òun lọ sí itẹ́ òkú lójú ọ̀nà Kuta. Orí gbogbo wa gbóná. Ẹ̀yìnkùlé la ń sin àgbà ilé wa sí. Kí a wá gbé ọmọ onílé jáde lọ sin sáàárín àjèjì, ẹnu wo la fẹ́ fi ròyìn rẹ̀? A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní òun ti sọ tòun.

Èmi ni tíṣà inú ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹnu mi kò bá mi fẹ̀yìn tì. Bí mo bá rí ìwé, àfi kí n kà á sókè. Bí mo bá kà á tán, àfi kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bi mí. Ìyàwó mi ti wí títí pé ẹnu yìí máa kó mi sí wàhálà lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín.

Ìgbà kòrónà ni mo kọ́kọ́ rí ìbínú Ìyá Àgbà lójúkojú. Ìbàdàn ni mo ti dé lọ́jọ́ náà. Mo fi aṣọ bo imú, mo dọ̀bálẹ̀ sókèèrè lójúde, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá. Mi ò ní lè sún mọ́ yín o, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì." Mo rò pé wọ́n á súre fún mi pé ọmọ gidi ni mí. Ojú wọn yí padà bìrí. Wọ́n fọwọ́ kan àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn, wọ́n ní, "Ìwọ náà? Ìwọ náà máa dúró sókèèrè sí mi? Ó kù kó o sọ mí lókò." Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi gbàgà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí wọ́n tó tún jẹ́ ìkíni mi. Èmi náà bínú. Mo ń sọ káàkiri ilé pé Ìyá Àgbà ti ń ṣe bí ọmọdé.

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ló ṣí páànù orí ilé wa. Nígbà tí káfíńtà gun òkè àjà, ó ké sí mi pé òun rí àpótí kan níbẹ̀, àpótí onípáànù tó ti dípẹtà. Mo ní kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Fìlà iṣẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ, àti fèrè irin kan, àti ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n fi awọ wé. Mo mọ ẹni tó ni ín lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá àgbà ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó nígbà òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ dókítà ni wọ́n, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó máa ń lọ pàdé àwọn ọkọ̀ ńlá lójú omi, kí dókítà lè yẹ àwọn tó wà nínú wọn wò kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé àtẹ lé itan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé àpótí náà lọ bá wọn. Ẹ má rò pé ìwé nìkan ló ń rùn mí o. Mo rò ó pé bí mo bá fi iṣẹ́ bàbá pa wọ́n lẹ́rìn-ín díẹ̀, mo lè dọ́gbọ́n tibẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ibi ìsìnkú yọ.

"Ìyá, ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí bàbá wa ṣe l'Ékòó."

"Bàbá yín," ni wọ́n wí. Wọn ò gbójú sókè.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òfin fún ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ èbúté ló wà nínú ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Kí ọkọ̀ tó bá kó ẹ̀tù ìbọn dúró jìnnà sí ibi tí èèyàn wà. Kí ọkọ̀ kankan má dá ara rẹ̀ wọlé, torí iyanrìn wà lábẹ́ omi lẹ́nu èbúté, ó sì máa ń gbé ọkọ̀ há. Kó dúró de ẹni tó mọ ọ̀nà. Kí wọ́n tan àtùpà síwájú àti sẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí wọ́n fi páànù roboto sára okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀, kí eku má bàa gba orí okùn rìn wọ ìlú. Èmi fúnra mi ń rẹ́rìn-ín. Ìwó tí a wà yìí, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ la fi ń lọ gbogbo ibi, èmi wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń pàṣẹ fún ọkọ̀ òkun.

Ti eku yẹn pa Ìyá Àgbà lẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, eku ìlú òyìnbó!" ni wọ́n wí. "Kí wọ́n wá fi páànù sí èyí tó wà ní yàrá mi."

Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Mo gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, mo bọ́ sí ti àìsàn.

"Ọkọ̀ tí àìsàn tó ń ràn bá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta àsíá àwọ̀ ìyeyè sókè. Bí àsíá yìí bá ti wà lókè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, kí wọ́n lé e padà."

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Àwọ̀ wo lo pè é?"

"Àwọ̀ ìyeyè, Ìyá."

"Kí ló ní ó túmọ̀ sí?"

"Pé àìsàn wà níbí, kí ẹ má wá o."

Wọ́n wò mí títí. "Máa kà á lọ," ni wọ́n wí.

Mo rí i pé ojú wọn ti yí padà, àmọ́ ẹnu mi ti gbóná, mi ò lè dáwọ́ dúró. Mo kà á fún wọn pé bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná ni, gbogbo ẹni tó bá ti dé inú ọkọ̀ náà máa lo ọjọ́ mẹ́rìnlá ní àdádó, títí kan àwọn tó wa ọkọ̀ dókítà lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná náà ni mo pè é fún wọn. Mùsùlùmí ni wá lóòótọ́, àmọ́ títí di òní a kì í pe orúkọ àìsàn yẹn gan-an nílé wa. Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà wẹ́wẹ́ sí etí ìwé níbẹ̀. Mo kà wọ́n, mẹ́sàn-án ni. Nísàlẹ̀ wọn, márùn-ún mìíràn tún wà, èédú ni wọ́n fi fa àwọn yẹn.

"Mẹ́sàn-án àti márùn-ún, mẹ́rìnlá géérégé," mo wí. "Bàbá ń ka ọjọ́ wọn ni."

"Ó ku ọjọ́ márùn-ún," Ìyá Àgbà wí. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ohun tó ń pariwo nìyẹn. Ó ku ọjọ́ márùn-ún, ó ku ọjọ́ márùn-ún. Èmi rò pé Iléyá ló ń wí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nìyẹn, ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n nígbà náà. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí bàbá l'Ékòó pé kó wá wo ọmọ. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan ti oko dé, ó ní òun rí bàbá ní ahéré rẹ̀ lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, pé ó ti dé, àmọ́ ó ní òun ò tíì fẹ́ wọ̀lú. Ìyá Àgbà kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n sá lọ sóko.

"Aṣọ kan ni mo kọ́kọ́ rí lórí ahéré," ni wọ́n wí, "tó ń tàn yanran bí ìyeyè tó pọ́n. Ó ti ṣèlérí aṣọ Iléyá fún mi kó tó lọ. Mo ní aṣọ mi nìyẹn, ó ta á síbẹ̀ kí n lè tètè rí i. Mo ń sáré, mo ń pariwo, bàbá mi, ẹ káàbọ̀, bàbá mi, ẹ káàbọ̀. Ló bá jáde. Ó ní kí n dúró. Mi ò dúró. Ó ní kí n padà sílé. Èmi wá ń kúnlẹ̀ kí n lè kí i dáadáa, ó bu ògúlùtu nílẹ̀, ó sọ ọ́. Ti àkọ́kọ́ bọ́ síwájú mi. Mo tún dìde, mo ń bọ̀. Èkejì ló bà mí."

Wọ́n fọwọ́ kan àpá ẹ̀gbẹ́ ojú wọn. Mo ti ń wo àpá yìí láti kékeré, mo rò pé wọ́n ṣubú ni. Bàbá tí gbogbo ilé ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ júwe, tí wọ́n ní kò na ọmọ rí, òun ló sọ ọmọ rẹ̀ lókò títí tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde?

Àmọ́ ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìwé náà sì ti tú gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ìyá! Wọn ò kórìíra yín! Òfin yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àdádó l'Ékòó, ìròyìn ọmọ dé, wọn ò lè mú un mọ́ra, wọ́n sá wálé. Ni wọ́n bá ní òun máa fi oko parí márùn-ún tó kù. Ààbò yín ni wọ́n ń wá. Aṣọ yẹn, àsíá tí wọ́n mú bọ̀ láti inú ọkọ̀ ni, wọ́n fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má wá ni!"

Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ lọ láìdúró. Bàbá ti pẹ́ lójú omi débi pé wọ́n gbàgbé pé kò sẹ́ni tó lè ka àsíá nílé. Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà? Aṣọ tí wọ́n fi ń lé ọmọ sẹ́yìn ló pe ọmọ wá. Mo ń retí kí Ìyá Àgbà sunkún, kí wọ́n ní òun ti dárí jì í, kí èmi náà lọ ròyìn fún mọ̀lẹ́bí pé ẹnu tí ẹ ń bú ti ṣe é o. Wọn ò sunkún.

"Ó ṣẹ́ ku nǹkan kan níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

Kò ju ìlà méjì lọ tó kù. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kà á, kí Ọlọ́run foríjì mí. "Aṣọ, ẹní, àti ohunkóhun tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tó gbé aláìsàn, sísun ni kí wọ́n sun ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú un wọ̀lú, torí àìsàn náà máa ń wà nínú aṣọ."

Àtẹ bọ́ lórí itan wọn. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wò ó.

"Mo padà lọ," ni wọ́n wí.

"Ìyá?"

"Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, mo gun ẹ̀yìn ahéré, mo fa aṣọ náà bọ́. Mo ní aṣọ mi ni, kó máa sọ òkò lọ. Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rù bà mí, torí olè ni mo jà. Mo bá sọ fún ìyá mi pé bàbá ló ní kí n mú un wá fún ọmọ. Ìyá mi jó. Ó fi pọn ọmọ lójú ẹsẹ̀."

Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Mo nawọ́ bí ẹni fẹ́ bo ẹnu wọn, mo tún fà á padà.

"Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi yí ẹ̀yìn sí i kó lè rí ọmọ, ó ní, ẹ ṣeun o, aṣọ tí ẹ fi rán ọmọ ni mo fi pọ̀n ọ́n yìí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo aṣọ náà. Ó wo èmi. Mo ti sá sẹ́yìn òpó, mo ti fọwọ́ bo orí, mo mọ̀ pé ó máa tún sọ mí lókò. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fi rán an. Ó tú aṣọ náà lára ọmọ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó dáná sun ún. Ìyá mi ní ṣé orí rẹ̀ dàrú ni."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí ara ọmọ náà fi gbóná. Nígbà tó kú, àwọn tó ń sin irú òkú bẹ́ẹ̀ ló wá gbé e lọ sínú igbó. A kì í sunkún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá mú lọ nígbà yẹn, ọpẹ́ ni wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ dá, ó sì dá ọpẹ́. Gbogbo ilé wá jókòó, wọ́n ń bèèrè ta ló gbé ohun burúkú yìí wọlé. Bàbá ní, "Èmi ni." Bí wọ́n bá tún bi wọ́n bó ṣe jẹ́, wọ́n á ní, "Mo ní èmi ni." Ìyá ọmọ kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá tó fẹ́ ìyá tó bí bàbá mi.

"Mo gbà pé òun ni," Ìyá Àgbà wí. "Ṣebí òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ mí lókò, ó gba ọpẹ́ aṣọ tí kò fún wa, ó pa àbúrò mi, ó lé ìyá mi lọ. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, mi ò kí i káàbọ̀ mọ́. Bó bá ti oko dé, mo máa wọ yàrá lọ ni. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wá wọlé."

Káfíńtà ń kan ìṣó lórí ilé, kò mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀.

"Tíṣà," ni wọ́n pè mí, "ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

Mo ní ta ló mọ̀, ilẹ̀ gbígbóná pọ̀ níbi gbogbo nígbà yẹn, ó lè jẹ́ pé ọjà ni ó ti ran ọmọ, ó lè má jẹ́ aṣọ. Wọ́n wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó ń purọ́.

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Mo ní ṣé ó mọ̀."

"Wọ́n mọ̀, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lórí àjà, tí eku ń jẹ ẹ́. Ká ní mo jẹ́ kí eku jẹ ẹ́ tán, arúgbó yìí ì bá kú láìmọ̀ pé ọwọ́ òun ni aṣọ náà gbà wọlé. Ẹrù ni mo fẹ́ sọ̀ fún wọn, òmíràn ni mo gbé lé wọn lórí. Mo bínú sí ara mi débi pé mo fẹ́ ya ìwé náà. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ apá.

"Mú ọ̀pá mi wá."

Mo rò pé yàrá ni wọ́n ń lọ. Wọ́n tẹ ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n yà sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n dé ìdí sàréè, wọ́n dúró. Mo fẹ́ dì wọ́n mú kí n mú wọn dé ibẹ̀, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n fi ọ̀pá lélẹ̀, wọ́n rọra kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀ o."

Ohùn náà ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà lókèèrè. Káfíńtà dáwọ́ dúró lórí ilé. Ìyá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún àbúrò wọn ni, èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀ tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, "Ibí ni kí ẹ sin mí sí."

Mo ní, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Ìyá? A dúpẹ́ o."

"Rárá, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí gan-an. Wọ́n ní kí n dúró, mi ò dúró. Ẹ jẹ́ kí n wá dúró níbí."